Ìròyìn Tí Mo Mú Padà Fún Kẹ́hìndé

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní gáréèjì Èrúwà nípa Táíwò onímọ́tò, wọn á sọ fún yín pé olóòótọ́ ni. Bí èrò bá gbàgbé ẹrù sínú ọkọ̀ mi, màá wá a kàn títí dé ilé rẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ń wa ọkọ̀ láti Èrúwà sí Ìbàdàn, n ò mú nǹkan oní-nǹkan rí. Orúkọ rere yẹn ni mo fi ń yan láàárín àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi. Ẹ má tíì fi í yìn mí, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú ń tì mí láti sọ ọ́ lójú ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọkàn rẹ̀ kò lù bó ṣe yẹ ni mò ń kọ ọ́ fún. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín báyìí. Mo mọ irọ́ tó ń dùn mọ́ yín lẹ́nu, torí ó dùn mọ́ èmi náà.

Ìbejì ni mí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìgbó-Ọrà mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe nǹkan bàbàrà lọ́dọ̀ wa, nínú agbo ilé wa nìkan a ju ìbejì mẹ́rin lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé tẹ̀ lé mi, nítorí náà òun ni ẹ̀gbọ́n. Gbogbo yín lẹ ṣáà mọ̀ ọ́n: Kẹ́hìndé ló rán Táíwò jáde pé kó lọ tọ́ ayé wò, kó wá jíṣẹ́ bó bá dára. Ìtàn yìí ni Màámi fi pín iṣẹ́ fún wa láti kékeré. "Táíwò, lọ wò ó bóyá òjò ti dá." "Táíwò, lọ wo ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn." Kẹ́hìndé á jókòó, á ní, "Báwo ló ṣe rí?" Mo dàgbà, mo di onímọ́tò l'Érúwà. Kẹ́hìndé di télọ̀ n'Ígbó-Ọrà, òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Músílíù, àti Màámi ni wọ́n jọ ń gbé ilé bàbá wa. Títí di àkókò tí mò ń sọ yìí, bí mo bá sáré yọ sí wọn lójijì, Màámi á kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ mi kó tó mọ ẹni tó wọlé, torí ẹsẹ̀ onímọ́tò kì í mọ́.

Àìsàn náà ò wọlé bí olè, ó kan ilẹ̀kùn. Lákọ̀ọ́kọ́, àyà mi á kàn ṣàdédé máa já pàtì, pàtì, bí ẹyẹ tó há sínú yàrá. Bí mo bá dìde lójijì, òòyì á kọ́ mi. Mo ní àìsùn ni. Mo ní epo ọkọ̀ tí mò ń fà símú ni. Lọ́jọ́ kan, èrò kún ọkọ̀ mi, a ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ojú mi ṣú lójú ọ̀nà níbẹ̀. N ò mọ iye ìṣẹ́jú tó jẹ́. Nígbà tí ojú mi fi là, táyà ìhà ọ̀tún ti wọ koríko, ìyá kan lẹ́yìn ń pariwo "Lá ìláha illa Lọ́ọ̀!" bí ẹni tí wọ́n fẹ́ sin. Mo ní oorun ló gbé mi díẹ̀. Wọ́n bú mi dáadáa, wọ́n da omi sí mi lójú, a sì gbéra. Ẹ ò rí i pé irọ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Oògùn wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ọ̀nà gbogbo. Màámi se egbò igi sínú ìkòkò, ó ní àárọ̀ àti alẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó jẹ́ àfáà bu omi tó fi fọ wàláà fún mi, ó ní kí n mu ún pẹ̀lú oyin. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi ní obì ni kí n máa jẹ. Ẹnì kan tilẹ̀ ní awakọ̀ tí mo já èrò gbà mọ́ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà ló ń bá mi jà. Mo mu, mo jẹ, mo fi para. Ìyàwó mi nìkan, Ìyá Ràfíátù, ló dúró lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "Bàbá Ràfíátù, ẹ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ ò lè máa fi ẹ̀mí èèyàn méjìdínlógún ṣe àyẹ̀wò obì." Obìnrin náà kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ̀rọ̀ báyẹn, àwo oúnjẹ ò ní í dún títí ẹ ó fi gbà.

A lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan n'Ìbàdàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a ti dé ibẹ̀, àwọn tó ti wà níwájú wa ti kún orí bẹ́ǹṣì tán. Ẹ gba káàdì níbí, ẹ lọ sanwó lọ́hùn-ún, ẹ padà wá jókòó, fáìlì ò ì tíì dé. Ìgbà tí oòrùn kanrí ni wọ́n tó pe orúkọ mi. Dókítà náà ò dàgbà, ṣùgbọ́n ó fara balẹ̀. Ó ní ọkàn mi ń lù ségesège: ìgbà mìíràn á sáré, ìgbà mìíràn á fẹ́ dúró. Ó ní òun ò tíì mọ bó ṣe le tó, àfi kí àwọn máa ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní kí n má wakọ̀ rárá ní gbogbo àsìkò yẹn. Ó wá bi mí bóyá mo ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò.

Mo ní, "Ìbejì ni mí, sà."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ṣé ẹ jọra?"

"Màámi gan-an ń ṣì wá mọ̀."

"Ẹ mú ìkejì yín wá kí a wo òun náà. Irú èyí máa ń rìn nínú ẹbí."

Mo ní mo gbọ́. N kò sì sọ fún Kẹ́hìndé. Kí ni màá sọ? Ẹni tí òòyì ò kọ́ rí, tó ń gbé àpò gàrí lórí láìfọwọ́ dì í mú!

Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Bísí ló fún mi ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi máa ṣọ́ mi. Ó lẹ pílásítà fẹ́lẹ́ kan mọ́ mi láyà, ó sì so aago kan mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní pílásítà náà ń gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù, aago ló ń gba ìròyìn rẹ̀, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí mo bá padà wá.

Mo ní, "Bulutúùtù ni, àbí?" Mo fẹ́ kó mọ̀ pé n kì í ṣe ará oko.

"Rárá o, Bàbá Ràfíátù. Kò gba afẹ́fẹ́ kọjá. Ara yín gan-an ló ń gbà, láti àyà dé ọrùn ọwọ́, bí iná ṣe ń gba inú wáyà."

"Iná? Nínú ara mi?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó kéré débi pé ẹ ò ní í mọ̀ ọ́n lára. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kì í jẹ bátìrì, ẹni tó jókòó tì yín kò sì lè jí ọ̀rọ̀ yín gbọ́. Àfi ẹni tí ẹ bá fara kàn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní aago bíi tiyín lọ́wọ́, ìròyìn yín lè gba ara rẹ̀ lọ sínú tirẹ̀. Awọ kò mọ ààlà." Ó wá na ìka sí aago náà. "Bó bá gbọ̀n, ẹ jókòó lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì pè wá."

Ọ̀rọ̀ táyà tó wọ koríko ti dé etí alága gáréèjì ṣáájú mi. Ó ní kí n mú ìwé dókítà wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé ara mi le, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ n ò ní í kó èrò ní gáréèjì òun mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo jáde ní gáréèjì, mo lọ ń dúró lẹ́yìn ìlú, mo ń kó èrò lójú títì. Aago wà lọ́wọ́ mi, mò ń wakọ̀. Ọjọ́ karùn-ún, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kan nínú rẹ̀ ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń ya tírélà sílẹ̀. N ò jókòó, n ò pe ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé aago yìí máa tú mi fó. Ikú yá ju ẹ̀sín, mo ń sọ ọ́ sínú ara mi, bí ẹni pé ikú èmi nìkan ló wà nínú ọkọ̀ náà.

Ibẹ̀ ni èrò burúkú yẹn ti sọ sí mi lọ́kàn. Ará ìlú mìíràn ò lè ronú rẹ̀, àfi ọmọ Ìgbó-Ọrà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, mo ti bá Kẹ́hìndé gba ẹgba, Kẹ́hìndé ti bá mi jókòó ṣe ìdánwò ìṣirò, kò sí olùkọ́ tó mọ̀. Mo gun ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Kẹ́hìndé, mo fẹ́ kí o bá mi wọ nǹkan kan."

"Aṣọ ta ni?" Kò gbójú sókè lórí máṣíìnì.

Mo ṣí bọ́tìnnì mi, mo fi pílásítà hàn án. Mo ṣàlàyé. Ó dá máṣíìnì dúró.

"Ìyẹn ni pé irọ́ la fẹ́ pa fún dókítà."

"Irọ́ kọ́. Ṣebí ìkan náà ni wá. Ọkàn rẹ ni ọkàn mi."

Ó wò mí títí. "Táíwò, bó bá jẹ́ ìkan náà ni wá, kí ló dé tí tèmi á fi dára tí tìẹ ò dára?"

Háà! Gbogbo ọgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Télọ̀ tí kò bá dókítà pàdé rí ló sọ ọ́, èmi tí wọ́n sọ fún lójúkojú ni mo gbójú kúrò. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ọmọ mi Ràfíátù ń ṣe ọdún ìkẹyìn ní poli Èrúwà, bí mo bá kúrò lórí ọkọ̀, ilé mi tú nìyẹn. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ni mí. Bí n ò bá bá ọ rù ú, ta ló máa bá ọ rù ú?" Ó fa kọ́tìnì tí àwọn oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò lẹ́yìn rẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù. Pílásítà tuntun mẹ́ta tí nọ́ọ̀sì fún mi láti máa fi pààrọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo lẹ ọ̀kan mọ́ ọn láyà ní ibi tí nọ́ọ̀sì lẹ tèmi mọ́ gan-an, mo so aago mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi wọ̀ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó pè mí lórí fóònù.

"Táíwò, aago rẹ yìí ń gbọ̀n o."

Mo wà lójú ọ̀nà, èrò kún. Mo ní, "Máṣíìnì rẹ ló ń mì í."

Ó rò ó wò. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orí máṣíìnì ló ti ń ṣe é lóòótọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Iléyá ń bọ̀, aṣọ ti kún ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, mo gba aago lọ́wọ́ rẹ̀, mo so ó mọ́ ọwọ́ ara mi, mo lẹ pílásítà mọ́ àyà bí olóòótọ́ èèyàn, mo gba Ìbàdàn lọ. Mo wọ aṣọ funfun. Mo ti ń ro bí màá ṣe na ìwé náà sí alága. Wọ́n so aago mọ́ kọ̀ǹpútà. Dókítà ń wò ó, ó ń wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. Ó pe Nọ́ọ̀sì Bísí kó wá wò ó.

"Bàbá, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo... mo wà nílé, sà."

"Ọkàn yín dúró. Ó dúró díẹ̀ kó tó tún mú un. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ ò burú tó èyí. Ẹ ò ní í lọ sílé lónìí. Ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú irú ọkàn yìí, bó bá gòkè sí orí, ó di apá àti ẹsẹ̀ tó rọ nìyẹn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mò ń kó èrò bọ̀ láti Ìbàdàn, ara mi dá ṣáṣá. Kẹ́hìndé ló wà lórí máṣíìnì. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ: "Kì í ṣe ọkàn mi lẹ ń wò yẹn, sà." N ò sọ ọ́. Mo ń wo fáànù tó wà lókè. Mo ń rò ó pé wọ́n á pè mí ní onírọ́, wọ́n á lé mi, alága á gbọ́, gbogbo Èrúwà á gbọ́ pé Táíwò olóòótọ́ gbé àyà ẹlòmíràn wá sílé ìwòsàn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ sọ fún àwọn ará ilé, màá padà wá. Nọ́ọ̀sì Bísí sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá Ràfíátù, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la o."

Mo ya Ìgbó-Ọrà tààrà. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń ṣètò ohun tí màá sọ. Nígbà tí mo dé, Kẹ́hìndé ń lọ aṣọ ọmọdé kan, òógùn bò ó. Ó gbójú sókè, ó bi mí bó ṣe máa ń bi mí láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé.

"Báwo ló ṣe rí?"

Mo ní, "Ó dára. Wọ́n ní ó dára."

"Alhamdulilai! Mo sọ fún ọ. Ọkàn mi mọ́." Ó fi ọwọ́ gbá àyà rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo sọ fún ara mi pé bí Iléyá bá ti kọjá, màá tàn án lọ sí ilé ìtọ́jú tó wà n'Ígbó-Ọrà níbẹ̀, màá ní kí wọ́n kàn wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Bí aṣọ bá ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ara bá ti rọ̀ mí díẹ̀. Ọjọ́ méje ni mo fi ń sọ "bí". Ọjọ́ méje náà ni mo fi ń kó èrò.

Ọjọ́ keje lọ́sàn-án, Ìyá Músílíù pè mí. N kò mọ ohùn rẹ̀. "Bàbá Ràfíátù, ẹ máa bọ̀! Bàbá Músílíù ti ṣubú sórí máṣíìnì, kò lè sọ̀rọ̀!" Awakọ̀ mìíràn ló gbé wa lọ sí Ìbàdàn nínú ọkọ̀ mi, èmi jókòó sẹ́yìn. Orí Kẹ́hìndé wà lórí itan Màámi. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ ń wá mi kiri, bó bá rí mi, á dúró.

Nílé ìwòsàn, dókítà bi Ìyá Músílíù bóyá ọkọ rẹ̀ ti ṣe irú èyí rí. Ó ní, "Láéláé! Orí fífọ́ lásán kì í ṣe é. Ọkàn rẹ̀ le bí irin." Mo fẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n ya ẹ̀wù kúrò lọ́rùn Kẹ́hìndé. Nọ́ọ̀sì Bísí wọlé, ó wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó. Mo rí ibi tí ojú rẹ̀ bà lé: lórí àyà Kẹ́hìndé, ojú ibi tí pílásítà ti wà ṣì mọ́ ju ara yòókù lọ, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ń dúró dè mí.

Mo sọ ọ́. Lójú Màámi, lójú Ìyá Músílíù, lójú gbogbo wọn. Mo ní ìròyìn ọ̀sẹ̀ méjì tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín, tèmi kọ́, tirẹ̀ ni. Mo ní mo mọ̀ láti ọjọ́ méje sẹ́yìn. Dókítà ò tilẹ̀ bú mi, ó kàn sáré jáde lọ wo ìròyìn náà, ó sì jọ pé ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n tètè mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ìyá Músílíù wò mí bí ẹni tó ń wo àjèjì. "Ẹ mọ̀," ó ní. "Ẹ jẹun nílé mi lánàá, ẹ sì mọ̀."

Màámi ló pa mí. Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbalaja. Kò pariwo.

"Táíwò, ta ló rán ọ wá wo ayé?"

"Kẹ́hìndé ni, Màámi."

"Ó bi ọ́ pé báwo ló ṣe rí. Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní ó dára."

Ó fa ìborùn rẹ̀ bojú. Ìtìjú tó mú mi lọ́jọ́ náà, kò tíì fi mí sílẹ̀, n ò sì gbàdúrà kó fi mí sílẹ̀.

Kẹ́hìndé ò kú. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ àyà rẹ̀ tí kò ní í jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dúró mọ́. Mo ta ọkọ̀ mi, owó rẹ̀ la fi ṣe é, ìyẹn kì í sì í ṣe oore. Ọ̀rọ̀ ti padà sí i lẹ́nu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé e. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò lè mú sísọ́ọ̀sì, ọwọ́ ọ̀tún télọ̀. Mo lọ bá alága gáréèjì fúnra mi, mo ka gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan àwọn èrò tí mo kó lẹ́yìn ìlú. Ó wá ní, "Ìyàwó mi wọ ọkọ̀ rẹ lọ́sẹ̀ yẹn." Mo dìde, mo jáde.

Láràárọ̀ báyìí, mo máa ń gun ọ̀kadà láti Èrúwà, a ó gba Lánlátẹ̀ kọjá, ó di ṣọ́ọ̀bù Kẹ́hìndé. Òun ló ń wọn èèyàn pẹ̀lú ojú, òun ló ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì pẹ̀lú ọwọ́ òsì, èmi ló ń gé e. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ń kọ́ṣẹ́ télọ̀! Ó ní bí mo ṣe ń gé aṣọ, àfi bí ẹni tó ń gé iṣu. Apá ẹ̀wù tí mo kọ́kọ́ rán, ọ̀kan gùn ju ìkejì lọ, oníbàárà ní ṣé ìbejì ni apá náà tí ọ̀kan fi ṣáájú jáde. Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín títí tó fi di ikọ́. Kò bú mi rí lórí ọ̀rọ̀ yẹn, kò tilẹ̀ dá a sọ rí, ì bá sì tù mí lára kó bú mi. Ìyá Músílíù ń gbé oúnjẹ wá fún mi lọ́sàn-án, á gbé e sílẹ̀, á máa lọ. Mo ń kí i, ó ń mi orí.

Ẹ̀yin tí mò ń kọ̀wé sí, bí wọ́n bá ní kí ẹ má wakọ̀, ẹ sọ kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀. Bí aago bá gbọ̀n, ẹ jókòó. Bí wọ́n bá rí i lára yín, ẹ lọ sọ fún ọmọ ìyá yín lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ọdún kankan kó kọjá. Àgbo tí ẹ̀ ń mu, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ̀ ń mu ún, Màámi náà ti sọ tirẹ̀. Ẹ̀rù máa bà yín, kò sí ẹni tí kì í bà. Ìtìjú ibi àìsàn kéré, mo ti rí èyí tó jù ú lọ.

Ní tèmi, oògùn mẹ́ta ni mò ń lò lójúmọ́. Òòyì ò kọ́ mi mọ́ láti oṣù mélòó kan. Èmi àti Kẹ́hìndé la jọ ní pílásítà láyà àti aago lọ́wọ́ báyìí, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀, a sì jọ ń lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kan náà, a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan.

Ìgbà tí a lọ kẹ́yìn, Nọ́ọ̀sì Bísí so aago mi mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì hunjú pọ̀.

"Bàbá Ràfíátù, ọkàn ẹlòmíràn wà nínú aago yín. Lọ́jọ́ Ajé, ó tó ìdajì wákàtí. Kí lẹ ṣe?"

Ẹ̀rù bà mí débi pé "N ò mọ̀" ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Kẹ́hìndé ni. Ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn agbádá. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi, ó ń tì í."

"Ọwọ́ wo?"

"Ọ̀tún."

"Ọwọ́ tí kò lè mú nǹkan yẹn?"

"Òun náà ni, mà."

Kò gbà mí gbọ́. N ò bínú sí i, èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó yí ọrùn sí ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó tì mí, ó bi í bóyá bó ṣe rí nìyẹn.

Kẹ́hìndé gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò lórí itan, ó gbé e lé ẹ̀yìn ọwọ́ mi níbẹ̀, lójú nọ́ọ̀sì.

Ó ní, "Òótọ́ ló sọ."

Láti ọjọ́ tí mo ti tú àṣírí náà, n kò tíì gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo doríkodò, mo ń wo aago ọwọ́ mi.